Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi, Olùrànlọ́wọ́ Àwọn Tó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má baà dà bíi pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́: mi ò ka ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ọkọ rẹ̀ náà mọ̀, àwọn ọmọ wọn sì mọ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn nínú ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Wọ́dà ni. Iṣẹ́ wọ́dà ló ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀ títí ewú fi bò ó, kò sì sí ohun mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé ju kó ti ilẹ̀kùn, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì jágbe mọ́ ẹni tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan àti fọ́tò ńlá kan níbi tó ti ń bọ ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Ó gbé méjèèjì kọ́ sí pálọ̀. Aago náà kú kí oṣù tó parí, kò sì gbà kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fìríìjì ilé wọn ní àgádágodo. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Àgádágodo lára fìríìjì, bí ẹni pé ẹran inú rẹ̀ ń gbèrò àtisá. Kí àwọn ọmọ tó sùn, á ka orí wọn, ọmọ mẹ́ta péré tí afọ́jú lè fọwọ́ bà kà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pẹ́ ní balùwẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn, ko ko ko, á ní, "Àkókò ti tó o!" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á ní ìfẹ́ ló ń fi hàn. Mo ní irú ìfẹ́ wo nìyẹn, ìfẹ́ tó ń fi irin kan ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń fọ ọṣẹ kúrò lójú?

Ní tèmi, iṣẹ́ mi ni kí n ran àwọn tó ń ti ẹ̀wọ̀n jáde lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí ìjọba ní ó tọ́ sí wọn gbà. Ẹgbẹ́ kékeré ni wá. Yàrá kan ṣoṣo la ní, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, òórùn gọ́ọ̀mù sì ti wọ gbogbo fáìlì wa lára. Àǹtí Fọ́ọ̀mù ni àwọn tó ń jáde ń pè mí.

Ẹni tó bá jáde lẹ́wọ̀n, ẹ má rò pé ìgbádùn ló ń lọ jẹ. Ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló máa gbà jáde, pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́: ṣòkòtò tó wọ̀ wọlé nígbà náà lọ́hùn-ún tí kò bá a lára mu mọ́, àti bàtà tí eku ti jẹ ẹnu rẹ̀. Ìjọba tó mọ ibi tó ń sùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó ń ka orí rẹ̀ láàárọ̀, tó tún ń kà á nírọ̀lẹ́, ìjọba yẹn kan náà ni yóò ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun wà láyé. Bí o bá fẹ́ káàdì ìlera, mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Bí o bá fẹ́ káàdì ìdánimọ̀, mú ìwé wá pé ò ń gbé níbì kan. Níbo ló ń gbé? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà, ẹ̀yin aláìnítìjú wọ̀nyí!

Màámù, ọ̀gá wa, ti kìlọ̀ fún mi pé kí n yéé pòṣé lẹ́nu iṣẹ́. Màámù kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó fẹ́ràn fọ́tò ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá èyí tí yóò ti gbé ọwọ́ lé tálákà léjìká. Òun ló gba Bàbá Kọ́kọ́rọ́ síṣẹ́. Ó rí i lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ojú Màámù sì ń tàn yanran.

"Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ló máa wá máa ṣílẹ̀kùn fún wọn," ó ní. "Ta ló tún lè mọ̀ wọ́n tó o?"

Mo ní apẹran náà mọ ewúrẹ́ dáadáa. Màámù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi okùn gbé káàdì kan kọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n kọ "Olùrànlọ́wọ́" sí i gàdàgbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú àwọn èèyàn wa lọ sí Ilé-Iṣẹ́ Ìrànwọ́, níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ó ń gbé káàdì ọrùn rẹ̀ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó jáde lásìkò náà, ọ̀rọ̀ Télọ̀ ló ká mi lára jù. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì ní wárápá. Oògùn ló ń dá a dúró. Bó bá lò ó, kò sí ohun tó ń ṣe é. Bí kò bá lò ó, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ìgbà kan tí oògùn tán nínú ẹ̀wọ̀n, orí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ṣubú lé, àpá rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ tó jáde, wọ́n pọ́n oògùn díẹ̀ sínú bébà fún un, wọ́n ní kó lọ máa gba ìyókù ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ilé ìwòsàn sì rèé, láìsí káàdì ìlera, wọn kì í dá èèyàn lóhùn. Kí ó máa fowó ara rẹ̀ rà á kò sí lọ́rọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ló dé sí, ìyẹn gan-an kò sì tíì jẹun yó. Kí káàdì jáde kí oògùn inú bébà tó tán: gbogbo ohun tí à ń lé kò ju ìyẹn lọ.

Mo ti parí gbogbo ìwé Télọ̀ kó tó jáde. Ohun tó kù kò ju kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kó lọ síbi fèrèsé, kó tẹ àtàǹpàkò, kó gba káàdì. Iṣẹ́ ọmọdé ni. Mo fà á lé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n máa padà dé, ọwọ́ wọn ṣófo.

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí.

"Kò wá báwo? Ṣebí ẹ jọ lọ ni?"

Mo kọjú sí Télọ̀. "Ṣé o wọlé?"

"Mo wọlé, mà."

"Ṣé wọ́n pe orúkọ rẹ?"

"Wọ́n pè é, mà."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo dìde, mà."

Ilẹ̀ ló ń wò. Ìwọ̀nba ohun tí èèyàn bá bi í náà ló ń dáhùn, kì í fi kún un. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irọ́ ló ń pa. Bí o bá rí ẹlẹ́wọ̀n tí kì í purọ́, wá pè mí kí n wá wò ó."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń pè é?"

Ó wà níta, lábẹ́ ìbòòji, tí òun àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jọ ń mu tíì. Ó ní wọ́dà tó bá mọyì ara rẹ̀ kì í bá ẹlẹ́wọ̀n jókòó lórí àga kan náà.

"Kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n mọ́," ni mo wí.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún lọ. Wọ́n tún kọ ọ́ pé kò wá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi kún un pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn yóò ti fáìlì rẹ̀ pa, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ wá bá mi lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni bó iṣu.

"Àǹtí Fọ́ọ̀mù, ẹ gbà mí o. Àbúrò mi ti ń feyín gé oògùn sí méjì. Ó ní kó lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Lánàá tó ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó bá fi tòsì dì í mú sábẹ́ tábìlì, kí n má baà rí i."

Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ohun tó wà níkùn mi fún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ aago tó ti kú. Mo ní bí Télọ̀ bá ṣubú sójú títì, tí mọ́tò bá gbé orí rẹ̀ lọ, tíì tí ẹ ń mu níta ló pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má wá bá ọkọ òun jà nínú ilé òun. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, pé bí mo bá wà lábẹ́ òun nígbà náà lọ́hùn-ún, ọjọ́ kan péré ni òun yóò fi tún un ṣe. Mo pòṣé, mo jáde. Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ni n ó mú Télọ̀ lọ.

Ilé-Iṣẹ́ Ìrànwọ́! Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe. Wọ́n de àwọn àga mọ́ ilẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó wá tọrọ káàdì lè gbé wọn sá lọ. Fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló kọjú sí. Akọ̀wé náà jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ní ihò kékeré nísàlẹ̀, tí èèyàn máa na ọwọ́ gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sí ìwé títí kò fi mọ̀ ọ́n gbé sókè mọ́. Bí ẹ bá ní kó ṣàpèjúwe ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó ti ràn lọ́wọ́, orí ìka wọn nìkan ló lè ṣàpèjúwe. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá wa dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yà sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń mu tíì. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀.

A jókòó. Oògùn tó kù fún Télọ̀ kò ju ààbọ̀ kan lọ, ó wé e sínú bébà rẹ̀ nínú àpò àyà, ó sì ń fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè.

Akọ̀wé pe orúkọ rẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé.

Télọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dojú kọlẹ̀. Kò gbẹ́sẹ̀. Mo rò pé ó ń tún aṣọ ṣe ni. Akọ̀wé tún pè é. Télọ̀ tún nàró sí i, bí ẹni pé ìdúró rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kò dáa tó.

"Máa lọ nù un," ni mo wí. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."

"Wọn ò tíì ní kí n bọ́ síwájú, mà."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi pátá. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, wàá dìde níbi tó o wà, wàá sì dúró títí wọ́dà yóò fi pàṣẹ pé kó o bọ́ síwájú. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ ṣáájú àṣẹ, inú yàrá òkùnkùn ló máa ti jẹ́wọ́. Ọkùnrin yìí ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dúró dáadáa, gbogbo ará inú gbọ̀ngàn sì ń rí i, àfi ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti rí i.

"Ibí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n," ni mo sọ sí i létí. Mo dì í lápá mú, mo fà á.

"Èmi mọ̀, mà. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà."

Òógùn ti bò ó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀.

"Kò wá," ni akọ̀wé wí, ó sì gbé fáìlì sí apá kejì. "Ẹni tó kàn!"

Mo sáré débi fèrèsé, mo fọwọ́ gbá gíláàsì. "Kò wá kẹ̀? Òun ló dúró yẹn! Ẹ gbójú sókè!"

"Mà, ẹ lọ jókòó. Ẹni tí kò bá dé ojú fèrèsé, kò wá nìyẹn."

"Ojú yín ló wà yìí! Ẹ wò ó!"

"Wíwo èèyàn kọ́ ni iṣẹ́ mi, mà."

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ọmọ tí ìyá bí, tó lọ sí ilé ìwé, ló la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Mo bú u. Mo bú u ní èdè tí Màámù kò gbọdọ̀ gbọ́. Ibi tí mo ti ń pariwo ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Ó wò mí, kò rí ti èmi rò. Ó wo Télọ̀, ojú rẹ̀ sì là.

"Ẹ wo ìdúró!" ó ní. "Ẹ wo èèyàn tó gbẹ̀kọ́!"

"Bọ̀ọ̀dá, ó ń dúró de ẹni tó máa ní kó bọ́ síwájú."

"Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Wọn ò wá rán ẹnì kankan sí i ni? Irú ọ́fíìsì wo nìyí?"

Télọ̀ ti ń mì láti ejìká dé orúnkún. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ó sì korò lẹ́nu mi ju ewúro lọ. Èmi tí mi ò kí ọkùnrin yìí pẹ̀lú inú kan rí, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ pè é."

Kò yára. Ó wá ibi tó máa gbé kọ́ọ̀bù lé. Ó fa bẹ́líìtì sókè sórí ikùn. Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló wá jágbe, ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nílé, tí gíláàsì fi gbọ̀n:

"Bọ́ síwájú!"

Télọ̀ rìn. Ó rìn tààrà láìwo ọ̀tún tàbí òsì, ó dúró lójú fèrèsé, ó na àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló dìde. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó gbé báàgì aláwọ lé itan, ti wà lórí ìdúró, ọwọ́ lẹ́yìn. Obìnrin kan tó kun ètè rẹ̀ dáadáa náà ti dìde. Bàbá arúgbó kan ní ìlà ẹ̀yìn ń gbìyànjú àtidìde. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì jókòó padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo rí wọn.

Akọ̀wé gbójú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fún Télọ̀ ní káàdì. A gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé odindi oògùn kan mì níbi ẹ̀rọ omi, lójú mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú títí a fi padà dé ṣọ́ọ̀bù oníbàtà.

"Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń dúró nìyẹn?" ni mo bi Bàbá Kọ́kọ́rọ́.

"Mo mọ̀ kẹ̀? Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ wá jókòó síta, ẹ ń mu tíì?"

"Ó dìde, ó sì dúró. Tirẹ̀ parí síbẹ̀. Àwọn yẹn ni wọn ò mọ iṣẹ́ wọn."

Kò fi ṣàwàdà. Ohun tí mo kórìíra lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìkà èèyàn, ó lè rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Òpè tó ń yangàn, kì í rẹ̀ ẹ́ rárá.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́ Ìrànwọ́. Ohun tí mo tọrọ kò le: kí akọ̀wé máa gbójú sókè bó bá pe èèyàn, tàbí kó dìde lórí àga rẹ̀, kó lọ pàdé ẹni tí kò lè wá. Èsì dé, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Wọ́n ní ohùn kan tó dé yàrá àwọn lókè lọ́jọ́ náà ti jẹ́ kí àwọn rí ojútùú, àti pé èèyàn kì í tètè rí ẹni tó mọ ètò bẹ́ẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́.

Aṣọ tuntun ni wọ́n rán fún un, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Màámù ya fọ́tò ìdágbére pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ìgbà náà, bí akọ̀wé bá pè ọ́, wàá dìde, wàá dúró, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ á jágbe, wàá lọ. Ẹni tó bá rìn ṣáájú àṣẹ, ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n ń dá a padà sí. Àwọn tí kò mọ àwọ̀ tí wọ́n kun géètì ẹ̀wọ̀n ti mọ ọ́n ṣe báyìí. Wọ́n ní iṣẹ́ ń yá.

Lóṣù tó kọjá, ìyá wa ní kí n mú òun lọ gba káàdì ìlera àwọn àgbàlagbà. Ìyá wa kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀ ni ọkùnrin náà kò ti lè wo Màmá lójú, bó bá sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Nígbà tí a wọlé, ó tẹrí ba kí ìyá wa, ó fi í jókòó síwájú. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ó kéré tán, ó ṣì mọ àna rẹ̀.

Akọ̀wé pe orúkọ ìyá wa. Màmá dìde, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ tún ìbòrí rẹ̀ wé ni. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ máa lọ. Fèrèsé nìyẹn."

"Dákẹ́," ó wí jẹ́ẹ́, láìgbójú sókè. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì sọ̀rọ̀."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fa bẹ́líìtì sókè, ó sì jágbe mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi lọ láìsí ọ̀pá, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O rí i bó ṣe yá? Ọmọ yẹn mọṣẹ́."

Mo na ọ̀pá rẹ̀ sí i. Kò rí i, ilẹ̀ ló ń wò.